Ìlà Pẹ́ńsù Lójú-Ìwé Igba Ó Lé Méjìlá

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ọkọ̀ ìwé ń gúnlẹ̀ sí èbúté wa,
bí ẹni tó wá gba owó orí.
Mo wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú bàtà rọ́bà, yìnyín ń yọ́ lẹ́sẹ̀ mi.
Mo ní kí Torunn wá ìwé ìhunṣọ fún mi.
Ó wá a. Ó sì ki òmíràn bọ abẹ́ rẹ̀,
kò wí nǹkan kan, ó ń wo ojú fèrèsé.

Ìwé náà nípọn bí búrẹ́dì àná.
Obìnrin méjì ló wà nínú rẹ̀,
ọ̀kan ń tún aago ṣe, ọ̀kan ń sin oyin.
Aago bàbá olóyin ló kú, ló bá gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù.
Ẹ̀rín pa mí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ìwé yìí ṣẹjọ́ ná.
Òjò inú rẹ̀ ti pọ̀ jù.
Bí wọ́n bá ti fẹ́ fẹnu kora wọn lẹ́nu, òjò á ṣú.
Ní etíkun àríwá Nọ́wè níbí,
ẹni tó bá ń dúró de òjò kó tó fẹnu ko ènìyàn lẹ́nu
yóò fẹnu ko gbogbo ìlú tán, títí kan àlùfáà.
Olóyin kì í sì í jẹun. Ọgọ́ta ojú-ìwé, tíì nìkan!
Ta ló ń fi inú òfìfo gbé ilé oyin?

Ṣùgbọ́n ojú-ìwé igba ó lé méjìlá.
Olóyin padà wá mú ìbọ̀wọ́ tó gbàgbé.
Aláago nà án sí i, ó ní:
“Mo rí i nígbà tí o fi í sílẹ̀.
Mo fẹ́ kí o padà wá ni n kò fi pè ọ́.”

Mo pa ìwé dé.
Kọfí mi tutù, n kò mọ̀.

Gudny.
Ọdún mẹ́ta la fi dúró nídìí tábìlì irin kan náà,
à ń la ẹja, à ń so ó nírù, méjì méjì,
à ń fi kọ́ sórí igi kí afẹ́fẹ́ sọ ọ́ di pánlá.
Méjì méjì. Kò sẹ́ni tó bi ẹja léèrè.
Lọ́jọ́ tó ń lọ sí Bergen, ó gbàgbé ìborùn rẹ̀ sórí ìkọ́.
Mo sáré. Mo ké pè é, ẹ̀dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já mi.
Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó wọkọ̀.
Olóòótọ́ ènìyàn ni mí, ẹ ò rí i?
Ọkọ tí mo fẹ́ lẹ́yìn náà ṣèèyàn. N kò rí ẹjọ́ rò mọ́ ọn.

Ìgbà tí mo tún ìwé ṣí ni mo tó rí ìlà náà:
pẹ́ńsù, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, lábẹ́ ọ̀rọ̀ aláago.
Èmi kọ́ ni mo fà á.
Mo yẹ òǹtẹ̀ ẹ̀yìn ìwé wò:
ẹnìkan péré ló ti yá a rí,
ní èbúté wa yìí, nígbà ìkórè.

Ilé mọ́kànlélógójì ló yí apá òkun yìí ká.
Aago mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú, iná wà ní gbogbo fèrèsé.
Ṣé Åshild tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ni?
Ṣé opó Klemet, tí kì í kí mi?
A ò ní alángbá níbí,
ilé la ní, gbogbo wọn dojú kọ òkun,
a ò mọ èyí tí inú ń run.

Mo mú pẹ́ńsù tí mo fi ń ka ojú ìhunṣọ,
mo fa ìlà kejì sábẹ́ ti àkọ́kọ́.
Ọwọ́ mi gbọ̀n, ìlà náà wọ́.

Láàárọ̀ yìí mo gbàgbé ìwé náà
sórí bẹ́ǹṣì èbúté.
Mo fi ọ̀rá wé e dáadáa kí n tó gbàgbé rẹ̀.
Fèrèsé mi kọjú síbẹ̀.
Mo ti gbé kọfí kaná, ife méjì.
N kò ní pe ẹnikẹ́ni.