Àpótí Tí Kò Sí Nínú Fọ́ọ̀mù

Aago mẹ́ta òru ní Baton Rouge,
gbọ̀ngàn wa kò ní fèrèsé.
Àwa mọ́kànlélógójì la jókòó ti tẹlifóònù,
máàpù ìpínlẹ̀ ń tàn lára ògiri bí ojú ológbò.
Ibi tó pupa, iná ti kú níbẹ̀.
Ibi tó dúdú, a ò tíì gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni.

Ìjì ti lọ láti àná.
Ó ṣí òrùlé bí ẹni ṣí ìkòkò onílé wò,
ọbẹ̀ kò wù ú,
ó dà á nù, ó bá tirẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n gba ẹ̀bẹ̀, kí n fún un ní nọ́ńbà,
kí n taari rẹ̀ sí tábìlì tó yẹ.
Yìnyín, tábìlì kẹrin.
Jẹnẹrétọ̀, tábìlì keje, níbi tí Guidry
ti ń bá awakọ̀ akẹ́rù kan jiyàn láti ìrọ̀lẹ́:
"Ẹ dákun, sà, afárá tí ẹ ń wá yẹn,
inú odò ló wà."

Nọ́ńbà 2314: ilé ìwòsàn etí omi,
epo ku wákàtí mẹ́rin,
ọmọ mẹ́ta tí oṣù wọn kò pé wà nínú ẹ̀rọ.
Mo kọ "kíákíá" sí i.
Gbogbo rẹ̀ ni mo ti kọ kíákíá sí,
kíákíá wá pọ̀ títí kò fi yá mọ́.

Nọ́ńbà 2377.
Ohùn àgbàlagbà, Faransé ń yọ lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀
bí òkúta lábẹ́ omi tí kò jìn.
"Alcide Naquin ni mí, láti Bayou Corneille.
Mo ní omi. Mo ní búrẹ́dì.
Ìyàwó mi ni mò ń wá."
Mo bi í pé aṣọ wo ló wọ̀.
"Aláwọ̀ ewé. Èmi ni mo yàn án,
lọ́jọ́ tí a sin ín, ọdún mọ́kànlá rèé."

Níbẹ̀, bí o bá gbẹ́lẹ̀ dé orúnkún, omi ni.
Inú ilé bíríkì kékeré ni wọ́n ń tẹ́ òkú sí.
Ìgbì fọ́ ti Eulalie bí ẹyin,
pósí rẹ̀ léfòó, ó gba oko ìrèké lọ
bí obìnrin tí ọkọ bí nínú,
tó ń padà sílé bàbá rẹ̀.

Mo wo fọ́ọ̀mù.
Àpótí wà fún alààyè tó sọnù,
ó wà fún ẹni tí ìjì pa,
ó wà fún màlúù, fún ajá, fún ọkọ̀ ojú omi.
Ẹni tó ti kú tẹ́lẹ̀, tó wá sọnù, kò ní àpótí.
"Àpótí funfun ni," Alcide ń wí,
"ọwọ́ rẹ̀ kan já, wáyà ni mo fi so ó."

A ní ìkíni fún òjò, fún ìrìn àjò, fún ọ̀fọ̀.
Èwo la fi ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́?

Mo sáré bá ọ̀gá wa, Marguerite. Ojú rẹ̀ ti wú.
"Ṣé ó ń mí?" ló bi mí.
"Ta ni?" ni mo fèsì.
Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu wa, ìtìjú sì tẹ̀ lé e.
"Kọ ọ́ sábẹ́ Nǹkan Mìíràn."

Ilẹ̀ mọ́. Hẹlikópítà tó gbé epo lọ fún 2314
ń padà bọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣì wà.
Awakọ̀ rẹ̀ kàn sọ ọ́ lórí rédíò, kò sẹ́ni tó bi í:
"Nǹkan funfun kan há sáàárín ìrèké.
Bóyá fìríìjì ni."

Fìríìjì pọ̀ nínú oko lẹ́yìn ìjì.
N kò tíì pe Alcide.
Mo wá ibẹ̀ lórí máàpù, mo fi àmì sí i,
kì í ṣe pupa, kì í ṣe dúdú,
àwọ̀ ewé ni mo fi ṣe é.
Guidry béèrè ohun tó túmọ̀ sí.
Tẹlifóònù ń dún.