Ibi Tí Ọ̀dà Kò Gbọdọ̀ Dé

Yìnyín ti bo òrùlé abà láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì,
ni mo bá gbé ẹ́ńjìnnì Jáwà wọ ilé ìdáná,
mo gbé e ka orí tábìlì tí à ń gé búrẹ́dì.
Bí ìyá mi bá wà láyé ni, ilé ì bá gbóná.
Ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í bá òtútù ṣọ̀rẹ́:
èyí tí a bá fín nínú abà lónìí
yóò ti bó kí àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó padà dé.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wẹ̀ ẹ́.
Kẹrosíìnì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, igi ìtayín,
mò ń tọ ọ̀rá tó ti gan láàrin awẹ́ irin
bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ.
Omi àkọ́kọ́ dúdú bíi kọfí.
Èkejì rí bíi tíì.
Ẹ̀kẹta ni mo tó rí ojú ara mi nínú rẹ̀.

Bàbá mi jókòó ti ààrò, bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí itan.
Otakar, tó fi ogójì ọdún tún alùpùpù ṣe
fún gbogbo abúlé tó wà lọ́nà Jihlava,
kò mọ orúkọ ẹ́ńjìnnì yìí mọ́,
nígbà mìíràn kò mọ tèmi.
Òun ló sì kọ́ mi pé kíkùn kọ́ niṣẹ́:
"Afọ́jú lè fín ọ̀dà, Milada. Bíbò niṣẹ́.
Kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀dà kò gbọdọ̀ dé."

Nítorí náà, mò ń bò.
Ojú pẹrẹsẹ tí gásíkẹ́ẹ̀tì yóò jókòó lé,
mo lẹ téèpù mọ́ ọn, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ etí rẹ̀
títí igun irin fi yọ lábẹ́ téèpù bí egungun èjìká,
mo wá fi abẹ tọ igun náà lọ, pẹ̀lẹ́, láìmí.
Púlọ́ọ̀gì ògbólógbòó dí ihò tirẹ̀.
Kọ́ọ̀kì ìgò wáìnì dí imú tí kabúrétọ̀ fi ń mí.
Ihò mọ́kànlá, bóòtì mọ́kànlá tó ti dípẹtà.
Nọ́ńbà tí wọ́n lù sára irin, mo bò ó lẹ́ẹ̀mejì:
ọlọ́pàá kì í gbọ́ àwáwí ọ̀dà.

Lábẹ́ ikùn ẹ́ńjìnnì, níbi tí ojú kì í dé,
ni abẹ mi ti dúró.
Nínú ọ̀dà àtijọ́, àtàǹpàkò kan,
ìlà yí ìlà ká bí ojú igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.
Ọ̀dà kò tíì gbẹ nígbà tó tẹ̀ ẹ́.
Bàbá mi! Ẹni tí kì í jẹ́ kí ìka kan irin tí a ti nù,
"òróró ara ni ọ̀tá ọ̀dà,"
ẹni tó máa ń gbá mi lọ́wọ́ dànù.
Kí ló ń lé e lọ́jọ́ náà? Ta ló pè é lẹ́nu ọ̀nà?
Mi ò bi í. Ìdáhùn ti kó kúrò nílé
kí ìbéèrè tó kan ilẹ̀kùn.

Mo gbé owó kòrúnà kan lé téèpù,
mo gé e róbótó, mo fi bo àtàǹpàkò náà.

Radovan ará ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó.
"Kò sí ihò níbẹ̀ yẹn. Kí lò ń bò?"
Mo ní kó bá mi ṣí fèrèsé.

Mo mú Bàbá lọ sí yàrá, mo pa iná ààrò,
mo fín in lẹ́ẹ̀mẹta, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí èémí lára dígí.
Ẹ̀wù méjìméjì la fi sùn lóru ọjọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ mò ń ṣí téèpù, mò ń ká a padà sẹ́yìn ara rẹ̀.
Bàbá dìde, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n
bí ẹ́ńjìnnì tí kò tíì gbóná.
Ó nà án sábẹ́ irin, ó ń wá kiri láìwò,
àtàǹpàkò rẹ̀ bọ́ sójú àpá kékeré yẹn.
"Ọ̀dà kò dé ibí," ó wí, ó bínú díẹ̀.
"Ọmọṣẹ́ wo ló ṣe èyí?"
Mo ní, "Èmi ni, ọ̀gá."