Lábẹ́ Ife Tíì

Èmi ni akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì
nílé ìwòsàn ìjọba ní Mokhotlong,
níbi tí yìnyín ti ń bo òkè mọ́lẹ̀ láti oṣù kẹfà.
Ẹni tó bá fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, ọwọ́ mi ni lẹ́tà rẹ̀ ń já sí.
Lọ́dún yìí, mo ti gba mọ́kànlá.
Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀: "Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi..."
Mo mọ bí wọ́n ṣe ń parí.
Ohun tó lé wọn lọ gan-an kì í sí nínú lẹ́tà.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ìgbéga kan Nọ́ọ̀sì Nthabeleng.
Ìwé rẹ̀ dé láti Maseru, tòun tòǹtẹ̀.
Ọ̀gá ní kí n gbé e sílẹ̀ ná, òun ń bọ̀ wá fọwọ́ sí i.
Mo gbé e sílẹ̀.
Mo gbé ife tíì lé e.
"Ná" yẹn di òjò, ó di yìnyín, ó tún di òjò.

Obìnrin yìí ló gbẹ̀bí ìbejì lóru ọjọ́ tí iná kú,
tó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú
kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè gba ọmọ.
Sítóòfù ilé tí ìjọba fún un kò gbaná.
Ó kọ̀wé lórí sítóòfù yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin.
Mo to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú fáìlì, létòlétò.
Mo kúkú mọ iṣẹ́ mi.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, àpótí lọ́wọ́:
"Ntate Lehlohonolo, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ebi.
Bí èèyàn bá pẹ́ nílé tí ẹnikẹ́ni kò kí i,
ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí àlejò."
Leeds ló wà báyìí.
Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ kò tó tiwa.

Mátíróònù tuntun dé lóṣù kẹjọ, 'Mè Mats'eliso.
Kò mówó wá. Owó wo?
Ó lẹ ètò iṣẹ́ oṣù tó ń bọ̀ mọ́ ògiri
kí oṣù náà tó wọlé,
kí abiyamọ lè mọ ọjọ́ tí yóò fojú kan ọmọ rẹ̀.
Ó pe ẹni tó tún sítóòfù ṣe,
ó dúró tì í títí iná fi jó.
Ó wá wọ ọ́fíìsì mi, ó gbé ife mi kúrò,
ó ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.
Kò bú mi. Ì bá tiẹ̀ bú mi.

Lánàá, Tlotliso ti yàrá oògùn wá gba lẹ́tà rẹ̀ padà.
Ó ní òun á ṣì wò ó di ọdún Àjíǹde.
Mọ́kànlá di mẹ́wàá. Mi ò tíì yọ̀.

Lálẹ́ yìí mo fi aṣọ nu ìwé Nthabeleng.
Àmì ife kò kúrò:
òbìrìkìtì kan, rẹ́súrẹ́sú, bí òǹtẹ̀ kejì.
Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sára àpòòwé.
Mi ò mọ àdírẹ́sì.