Adìẹ Ń Làágùn

Oṣù Kejìlá, ní Nọ́ríìjì,
mo bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ òru, ojú mi pọ́n bí ata.
Nínú fìríìsà ilé-ìtajà ńlá
àwọn tòlótòló tò bí òkúta odò,
pọ́n-ùn méjìlá péré lẹ́yọ kan.
Mo gbé ọ̀kan. Ó tutù dé egungun apá mi.
Kò ní orí. Kò ní ẹsẹ̀. Kò ní ìtàn.
Mo dá a padà, n kò mọ ìdí;
ẹni tó wà lẹ́yìn mi gbé e kíá.

Ní Ìkirè, ìyá mi Àríyìíkẹ́ a máa sọ pé
adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.
Ó mọ adìẹ rẹ̀ bí ẹní mọ onígbèsè:
èyí tó ń yé ẹyin sábẹ́ ibùsùn,
èyí tó yarọ,
òpìpì tó ń bá ajá jà.
Bó bá fẹ́ pa ọ̀kan, á kọ́kọ́ fún un lómi mu.
Mi ò bèèrè ìdí rí. Ìkòkò ni mo ń wò.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Dísì.
Baba Hẹ́dílì fi bọ́ọ̀tù ti géètì onígi.
Tòlótòló dúdú ń rìn lábẹ́ igi ápù,
wọ́n ń tú ewé gbígbẹ bí ẹni ń wá owó tó bọ́.
Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi dàgbà, ó ní,
kò sẹ́ni tó kán wọn lójú.

Mo bèèrè iye rẹ̀. Mo tún un bèèrè, bóyá etí mi ló dí.
Ọgọ́rin pọ́n-ùn!
Ojú tì mí.
Ṣé àánú náà ti di ọjà olówó?

Baba wo bàtà mi, kò wo ojú mi.
Ó ní, “Àkùkọ kan wà, ó kéré, ó sì ń jà.
Ó ti pẹ́ tí ìyàwó mi ti fẹ́ kó lọ.”
Pọ́n-ùn méjìdínlógún. Mo sanwó.
Kó tó gbé e lọ sẹ́yìn ilé
mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un lómi mu.”
Ó dúró díẹ̀. Ó lọ bu omi.

Lọ́jọ́ Kérésì, àwa mẹ́jọ, àkùkọ kan.
Tiwálolú ní, “Mọ́mì, ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?”
Mo ní gbogbo ẹ̀ ni.
Ìrẹsì ló pọ̀.
Ẹran náà le díẹ̀, ó ń fún eyín níṣẹ́,
ó sì ní adùn kan tí mo ti gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì egungun rẹ̀ ṣì ń hó lórí iná,
alùbọ́sà, ata rodo, efinrin gbígbẹ.
Fèrèsé ilé ìdáná wa ń làágùn,
kò sí ìyẹ́ tó bò ó.