Àgbébọ̀ Inú Ọkọ̀

Ní àríwá Nọ́wè níbi tí a ń gbé
oòrùn kì í wọ̀ nínú oṣù Òkúdu.
Ó kàn ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí òkun
bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde.
Ta ni yóò sọ fún adìyẹ pé ilẹ̀ ti ṣú
nígbà tí ilẹ̀ kò ṣú?

Iṣẹ́ bàbá wa nìyẹn.
Bó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́, Eivind á wọ bàtà rọ́bà,
á máa gbé wọn wọlé, ọ̀kan lábíyá, ọ̀kan láyà,
á máa bẹ̀ wọ́n bí ẹni ń bẹ olówó èlé.
Èmi àti Halvard á ṣì máa fò lórí tanpolíìnì:
"Bí adìyẹ ò bá tíì sùn, àwa náà ò sùn!"
Màmá á yọrí lójú fèrèsé:
"Ẹ̀yin náà ń yé ẹyin ni? Ẹ wọlé jàre!"

Àkùkọ wa ńkọ́? Orí rẹ̀ ti dàrú.
Ó kọ láago kan òru, ó kọ láago mẹ́ta,
ó tún kọ nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán,
kí ó má baà jẹ́ pé òwúrọ̀ ti kọjá lẹ́yìn òun.

Abẹ́ tanpolíìnì yẹn ni ibi ìsádi wọn.
Bí òjìji idì bá ti kọjá lórí koríko,
kìtìkìtì, gbogbo wọn á ti wọ abẹ́ wa.
Àwa ń fò lókè, wọ́n ń gbọ̀n nísàlẹ̀,
aṣọ fẹ́lẹ́ kan ló la ayọ̀ àti ẹ̀rù.

Ọjọ́ tí Borghild sọnù, a rò pé idì ló gbé e.
(Orúkọ àbúrò bàbá wa obìnrin la fi sọ ọ́,
torí ó máa ń wo ènìyàn
bí ẹni tó ti gbọ́ nǹkan nípa rẹ̀.)
A wá a lábẹ́ igi tí a fi ń sá ẹja,
a wá a nínú èsìsì títí ẹsẹ̀ Halvard fi wú.
Ọjọ́ kẹta, bàbá ká tapólì kúrò lórí ọkọ̀
láti lọ pẹja.
Borghild nìyẹn, lórí súwẹ́tà bàbá,
pẹ̀lú ẹyin mọ́kànlá.
Bàbá nawọ́. Ó ṣá a.
Bàbá tún nawọ́. Ó tún ṣá a.
Bàbá da tapólì bò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó ku ọjọ́ méjìdínlógún, màmá ló kà á.
Àwọn aládùúgbò ń gbé ẹja kọjá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín:
"Eivind, ọkọ̀ rẹ ti di ilé ìgbẹ̀bí?"
"Ọ̀gá ọkọ̀ ò tíì ṣetán," ni bàbá ń dá wọn lóhùn.
Orí àpáta la ti ń pẹja nígbà yẹn.
Ẹja tí a rí kò ju àtàǹpàkò lọ.
Òjò pa iná wa, ó rẹ búrẹ́dì wa,
a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì dùn.

Ìyá àgbà Torbjørg ń gbé àga jáde lójoojúmọ́,
ó ń jókòó ti ọkọ̀ náà.
Ó ní ojú ọjọ́ lòun ń wò.
Ọkọ rẹ̀ ló kan ọkọ̀ yẹn.
Mo rí ọwọ́ rẹ̀ lára igi rẹ̀, kò gbé e kúrò.

Lóru ọjọ́ kan, bàbá tí ń lé wa wọlé sùn
fúnra rẹ̀ ló wá jí wa.
A sáré jáde láìwọ bàtà, koríko tutù,
oòrùn ọ̀gànjọ́ pọ́n bí epo.
Ẹyin kan ń sán. Ohùn kékeré kan wà nínú rẹ̀.
Mẹ́fà ló pa nínú mọ́kànlá.
Ìyá àgbà gbé ọ̀kan sínú àpò rẹ̀,
kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé.

Nínú oṣù Agẹmọ ni ọkọ̀ tó padà wọ omi.
Borghild kó ọmọ rẹ̀ wá sí etí òkun,
ó dúró níbẹ̀, ó ń pariwo lé wa lórí
bí onílé tí ayálégbé gbé ilé rẹ̀ sá lọ.