Létí Odò Narva

Aago márùn-ún àbọ̀ ni fóònù mi wí.
Mo gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta sí i létí omi,
ó di mẹ́fà àbọ̀.
"Ẹ káàbọ̀," ni orílẹ̀-èdè òdìkejì kọ sí mi,
èmi tí n kò tíì kúrò nílé,
tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ mi.
Ọba méjì kì í gbé ààfin kan;
méjì ń fa ara wọn nínú àpò kóòtù mi.

Kíláàsì alẹ́ ni mo ń lọ,
akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá, ẹ̀rọ amúlégbóná kan tó ń wúkọ́.
Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ohun tí wọ́n kọ́ èmi náà ní Tartu:
ilẹ̀, ènìyàn, àṣẹ.
Ọ̀kan yẹ̀, orílẹ̀-èdè di ìtàn.
Mo tún pa á rẹ́.
Mo ní àwọn onímọ̀ òde òní ti kọ́ ọ lọ́nà mìíràn:
òfin kì í ṣe òkè tí ẹnìkan jókòó sórí rẹ̀ mọ́,
àwọ̀n ni,
ìjọba kàn jẹ́ kókó kan láàárín àwọn kókó,
báńkì ń bẹ níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ fóònù ń bẹ níbẹ̀,
ilé ẹjọ́ tó wà nílùú onílùú pẹ̀lú.
Kò lórí, kò nídìí.

Rufina Gorelik na ọwọ́ sókè.
Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi hun aṣọ
nílé-iṣẹ́ òwú tó ti kógbá wọlé.
Orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí i sí kú mọ́ ọn lójú;
ìwé ìrìnnà rẹ̀ láwọ̀ eérú,
kì í ṣe tibí, kì í ṣe tọ̀hún.
Àmọ́ ó ní káàdì.
Ó fi ń gba oògùn, ó fi ń san owó-orí,
ó fi ń buwọ́ lùwé lóru tòun ti aṣọ oorun lọ́rùn.
Àwọ̀n yẹn mọ̀ ọ́n dénú egungun.
Lọ́jọ́ tí a bá ń dìbò yan aṣòfin,
ó ní òun kò mọ̀ ọ́n rí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló jókòó ìdánwò èdè,
ẹ̀ẹ̀mẹta ló fìdí rẹmi.
Ẹ yọ ilẹ̀ kúrò nínú orílẹ̀-èdè,
èdè ló kù,
òun náà ló sì ti ìlẹ̀kùn.

"Olùkọ́," ó ní, "mo mọ òwú.
Kókó kì í ta ara rẹ̀.
Ẹ dúró kí aṣọ fẹ́ ya,
ẹ ó rí ọwọ́ ẹni tó dì í mú."

Mo yẹ ìwé mi wò. Kò sí níbẹ̀.

A jọ rìn padà gba etí odò.
Fóònù mi tún kí mi káàbọ̀; tirẹ̀ dákẹ́.
Mo bi í léèrè.
Ó ní òun ti pàṣẹ fún un kó má wá ẹlòmíràn mọ́:
"Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ní kí n yàn."
Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gba tèmi,
ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.
Aago padà sí mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.