Ìgò Mọ́kànlá

Ìgò mọ́kànlá ló tò sórí pẹpẹ lókè ibùsùn mi.
Mo kà wọ́n lánàá, mo tún kà wọ́n láàárọ̀ yìí.
Oyèpéjú ló ń fi wọ́n ránṣẹ́ láti òkè òkun,
ó fi ìbọ̀sẹ̀ wé wọn kí wọ́n má baà fọ́ lọ́nà.
Ká sòótọ́, ìbọ̀sẹ̀ yẹn wúlò:
ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ kì í wojú àgbà.

Ọ̀kan fún eegun, ọ̀kan fún ojú,
ọ̀kan fún ohun tí ahọ́n mi ò lè pè.
Ọ̀kan tóbi bíi kóró àgbálùmọ̀,
ó há mi lọ́fun lọ́jọ́ Àìkú, mo gbàdúrà kó tó wọlẹ̀.
Ọ̀kan ń dán bí ojú ẹja. Mo gé e jẹ,
ẹnu mi di ìsọ̀ ẹlẹ́ja dọjọ́ kejì.

Bàbá mi ò mọ fítámì.
Ó jẹ òtílí, ó jẹ yánrin,
ó fẹsẹ̀ rin ọ̀nà oko Ìkòyí lọ, ó fẹsẹ̀ rìn ín bọ̀.
Ṣùgbọ́n n ò ní purọ́ mọ́ òkú:
ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta péré ló lò láyé,
ojú rẹ̀ ti ṣú kó tó lọ, a ní ayé ló ṣe é.
Nítorí náà, bí wọ́n bá ń ní "ayé àtijọ́ ló dáa,"
mo máa ń wá ibòmíràn jókòó sí.

Aránṣọ ni mí. Ogójì ọdún ni mo fi jókòó ní Màsífà,
ẹsẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ojú lára aṣọ aláṣọ.
Eékún mi ló kọ́kọ́ gbọ́ pé mo ti darúgbó,
ojú mi gbọ́ tẹ̀lé e,
lọ́jọ́ tí òwú kọ̀ tí ò wọ ihò abẹ́rẹ́ mọ́.
Èmi alára ni mo gbọ́ gbẹ̀yìn.

Mo kó ìgò mọ́kànlá sínú àpò,
mo gbé wọn tọ Títíládé lọ, apòògùn Tákíẹ̀.
Ó wọ awò, ó ń kà wọ́n bí ẹni ń ka lẹ́tà onílẹ́tà,
ó ya díẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ya díẹ̀ sósì.
"Mẹ́rin yìí, ohun kan náà ni, aṣọ ni wọ́n pààrọ̀.
Eléyìí ń bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín jà.
Eléyìí, ti eegun, ẹ máa lò ó."
Ó bọ́ awò. "Kí lẹ jẹ lánàá, bàbá?"
Tíì àti búrẹ́dì.
"Lálẹ́ ńkọ́?"
Tíì.
Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àfikún ni wọ́n ń pe nǹkan wọ̀nyí.
Kí lẹ wá fẹ́ fi wọ́n kún?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi gun ọ̀kadà délé.
Láti ìgbà tí Àwẹ̀ró ti lọ,
gbogbo ìkòkò ilé ló tóbi jù mí lọ.
Ta ní ń rẹ́ ẹ̀fọ́ fún ara rẹ̀ nìkan,
kó tún bi ara rẹ̀ bóyá iyọ̀ tó?

Lọ́jọ́ Ẹtì mo ra òtílí ní Sábó,
mo ra wàrà lọ́wọ́ ọmọ Fúlàní, mo ra yánrin àti irú.
Òtílí kì í jiná kíá, olóríkunkun ni.
Wákàtí mẹ́ta! Mo ní láti wá ẹni bá sọ̀rọ̀,
mo pe Gbádérò, ọmọ alágbàfọ̀ ilé kejì,
ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kì í yó.
Ó jẹ tirẹ̀ tán, ó ń wo tèmi.
Mo yára jẹ tèmi.
Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti yára jẹun gbẹ̀yìn.

Eékún ṣì ń dùn mí.
Ṣùgbọ́n mo rìn dé ìdí mángòrò ẹ̀yìnkùlé,
mo bẹ̀rẹ̀, mo mú èyí tó já bọ́,
mo sì dìde láìdi ẹ̀ka mú.

Lálẹ́, fóònù dún, ojú Oyèpéjú yọ.
"Dádì, ẹ ti lo oògùn?"
Mo yí fóònù sí abọ́.
"Ìwọ ńkọ́, kí lo jẹ?"
Ó dákẹ́. Mo rí kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀.
Tíì.
Ó ní níbi tóun wà, wọn ò mọ òtílí.
Mo wo ìbọ̀sẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ mi:
bí mo bá fọ̀ ọ́ mọ́, tí mo sá a gbẹ,
yóò gba ààbọ̀ kóńgò.